Ta Ló Fọ Abọ́ Náà?

Malsun kì í lè wo eré orí tẹlifíṣọ̀n kí ó má sọ̀rọ̀. Bí àwọn olówó inú eré bá ti jókòó ti oúnjẹ àárọ̀, tí abọ́ kéékèèké méjìlá tò síwájú wọn, tí ọkọ ń bínú sí ìyàwó, tí ìyàwó sì dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan, Malsun á gbójú sókè níbi tó ti ń bó aáyù. Á ní, "Ta ló se gbogbo oúnjẹ yìí? Aago mélòó ló jí? Ta ló sì máa fọ abọ́ náà báyìí?"

Gihwan ọkọ rẹ̀ ti máa ń wa takisí láti ìdájí, eré alẹ́ yìí nìkan sì ni fàájì rẹ̀. Á yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè. Á ní, "Ìyá Sora, jẹ́ kí n wo nǹkan tí mò ń wò. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ wá fọ abọ́ níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra nìyẹn, nínú ilé oníyàrá méjì wọn lókè téńté ní Yeongdo, àdúgbò kan nílùú Busan, níbi tí àtẹ̀gùn ti pọ̀ ju títì lọ, tí èèyàn bá sì yọjú lójú fèrèsé, á máa wo orí ọkọ̀ òkun ní èbúté Busan. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni Malsun. Kò ga, ó lápá, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti wú lóríkèéríkèé débi pé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ mọ́, inú àpótí abẹ́rẹ́ ló wà.

Namhae ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ ń gbin aáyù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wá sí Busan, ó sì wọ ilé iṣẹ́ bàtà. Òun ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mọ́ra, láti àárọ̀ di alẹ́, òórùn gọ́ọ̀mù náà á máa ta á lójú. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ níwèé nínú ìyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wọ jígí gbé ẹsẹ̀ bàtà kan ka orí tábìlì, ó ní kí wọ́n ka iye ọwọ́ tó ti kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ rọ́bà lára igi, wọ́n kà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ki okùn bọ ojú ihò. Ó di ọwọ́ mẹ́tàlélógójì. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wá béèrè pé nínú gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí, èwo ni orúkọ rẹ̀ wà lára bàtà náà?

Malsun kò ka ìwé ńlá nípa òṣèlú rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbìyànjú, wọ́n fún un ní ọ̀kan, oorun gbé e lọ ní ojú ewé kẹta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọjọ́ yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde mọ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kó gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Indonesia, tí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ̀rún kan sì dẹni tó dúró síta lóòórọ̀ ọjọ́ kan, Malsun ò sunkún. Ó ń ronú nípa ọmọbìnrin ará Indonesia tó máa jókòó sórí àga òun, bóyá ẹnikẹ́ni máa sọ fún un pé kó ṣí fèrèsé tó bá ń lo gọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn tí ó bí Sora tí Sora sì ti dàgbà díẹ̀, ó wọ ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nísàlẹ̀ òkè. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Obìnrin mẹ́fà ló ń dáná fún ẹgbẹ̀rin ọmọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń dín nǹkan, èéfín epo á bo àjà, ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fà á jáde á kàn máa kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun. Síbẹ̀ Malsun fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó mọ ọmọ tó ń fi kárọ́ọ̀tì pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì, ó mọ èyí tó jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán yẹn nìkan ni oúnjẹ gbígbóná tó ń kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lóòjọ́, abọ́ onítọ̀hún sì máa ń kún ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ di ohun tí àdúgbò ń gbọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́ ń ṣèpàdé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Miryeong sì wá gba ohùn wọn sílẹ̀. Miryeong ló ń darí rédíò àdúgbò kan tó wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, lábẹ́ ilé ìwẹ̀ tí aráàlú ń sanwó wọ̀. Bí wọ́n bá ń da omi adágún ìwẹ̀ nù lókè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní sítúdíò á dákẹ́ títí omi á fi lọ tán. Ó bi àwọn obìnrin náà léèrè nípa èéfín, gbogbo wọn sì ń dáhùn bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn. Ìgbà tí ìpàdé parí tí wọ́n ń jẹun ni Malsun bẹ̀rẹ̀ sí í tú eré àná palẹ̀, tó ń sín àwọn ìyàwó olówó jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dà sí ẹnìkan lẹ́sẹ̀. Miryeong ò tíì pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó pe Malsun sí rédíò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí Malsun kọ sínú ìwé pòórá lójú rẹ̀, ló bá fa ìwé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ yọ nínú àpò, ó kà á láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ìwọ̀n iyọ̀. Miryeong kò dá a dúró. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé òun gbádùn ètò náà, kí wọ́n jọ̀wọ́ tún ti Ọjọ́rú kà, òun ò gbọ́ iye omi tó yẹ kí òun fi se ewéko òkun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Miryeong gbé àga kan sí iwájú rẹ̀, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé pé rédíò ni. Bàbá Sora ló jókòó síbí yìí. Ó ń wo eré, kò fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Malsun wo àga náà, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, wọ́n sì sọ ètò náà ní Ta Ló Fọ Abọ́ Náà. Kò sí ohun tí kì í sọ̀rọ̀ lé. Bí àwọn ọmọge olórin bá ń jó lórí pèpéle, á béèrè ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, á ní kí ẹni tó fẹ́ pàṣẹ oúnjẹ wá sílé kọ́kọ́ yọjú síta, kó wo ohun tí ẹni tó máa gun alùpùpù wá fẹ́ fojú rí. Ìgbà kan, ìjọba kéde pé ọrọ̀ ajé ti gòkè. Malsun ní àtẹ̀gùn wo ló gbà gòkè, nítorí òun ń gun ti Yeongdo lójoojúmọ́, àwọn ò pàdé. Gihwan ní òun kì í gbọ́ ètò náà. Ó ní rédíò takisí òun ò gbé e.

Nígbà tó yá ni eré tuntun kan dé, Òdòdó Inú Ìkòkò, gbogbo ìlú sì ń wò ó. Ọmọge kan tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́ ni olórí eré. Inú àwọn obìnrin ilé ìdáná dùn débi pé wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù bí eré bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n fi irú wa hàn nígbẹ̀yìn. Inú Malsun náà dùn ní apá kìíní. Ní apá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara padà lórí ìjókòó. Nígbà tó fi máa di apá kẹjọ, kò lè mú un mọ́ra.

Ó sọ fún àga Miryeong lọ́jọ́ Sátidé pé, "Ọmọ náà rẹwà, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ó tú irun rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá epo gbígbóná. Ó ń dín ẹja fún odidi ilé ẹ̀kọ́, èéfín ò yọ. Apá mẹ́jọ ni mo ti wò, kò tíì gbé ìkòkò ìrẹsì kan ṣoṣo. Wọ́n wá ní ọmọ olówó ni, wọ́n gbé e sọnù nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni. Ó dáa. Ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá di ọmọ olówó kí wọ́n tó kí i kú iṣẹ́ ni? Ìyá ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́fà tó ń dáná ò gbé e sọnù. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó mọ ibi tí mo wà títí ó fi kú. Ẹni tó kọ eré yìí, mo lè búra fún yín, kò fọ abọ́ rí láyé rẹ̀."

Ẹnìkan gé ọ̀rọ̀ yìí, ó fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ti gbọ́ ọ ju àwọn tó ń gbé ní gbogbo Yeongdo lọ. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ eré náà bínú. Wọ́n ní ìyá arúgbó yìí ń jowú ni. Wọ́n ní kó lọ gbé ìkòkò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì pè é ní Pupa, orúkọ tí a fi ń bú ẹni tí a bá ní ó ń ṣe ti Kọ́múníìsì.

Gbogbo rẹ̀ ni Malsun fi rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ bàtà ló ti gbọ́ orúkọ yẹn kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò rántí ọkọ rẹ̀. Níbi tí àwọn onítakisí ti ń dúró de èrò, ọ̀rẹ́ Gihwan kan bi í léèrè pé àbí wọ́n ti ń kọrin àwọn Pupa nílé rẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Gihwan wakọ̀ rẹ̀ wálé lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì bọ́ bàtà. Ó ní, "Kí wọ́n pè ọ́ ní wèrè, mo lè gbà á. Kí wọ́n pè ọ́ ní aláròyé, òótọ́ ni. Àmọ́ orúkọ yẹn, nínú ilé ọmọ bàbá mi kọ́."

Malsun mọ ohun tó ń sọ. Hamheung ní àríwá ni bàbá Gihwan ti sá wá nígbà ogun àríwá àti gúúsù. Àwọn Pupa ti gba ilé wọn àti ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ òkun fẹ́ ṣí, bàbá náà wọlé, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ kékeré sì wà lórí èbúté nínú òtútù, nítorí èrò ti kún. Kò tún fojú kàn wọ́n títí tó fi kú ní Yeongdo. Ní gbogbo ọjọ́ ọdún, ó máa ń kọjú sí àríwá forí balẹ̀, Gihwan ọmọ rẹ̀ á sì forí balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Malsun fẹ́ sọ pé òun kọ́ lòun pe ara òun bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́. Gihwan náà ò jà. Ó kàn ra ohun èlò tí wọ́n ń kì bọ etí, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń wo eré rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń dúpẹ́, kò sì sọ ohun mìíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Malsun fi ń bi tẹlifíṣọ̀n ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bínú sí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé àwọn lè tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Miryeong fi ọ̀rọ̀ kan hàn án tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí rédíò. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ayoung ló kọ ọ́ láti Seoul. Ó ní òun lòun kọ gbogbo ìran ilé ìdáná inú eré náà, òun fẹ́ wá rí Malsun bí kò bá ní lé òun. Malsun rò pé ìjà ló ń bọ̀. Ó ní kó wá ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí àwọn tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́ máa daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí èéfín, kó sì wọ bàtà tí omi ò ní wọ̀.

Bàtà aṣọ funfun ni Ayoung wọ̀ dé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí kò sùn láti àná. Malsun wo bàtà náà, ó wo ojú náà, ó fún un ní bàtà rọ́bà àti épírọ́ọ̀nù, ó sì mú un lọ sídìí ìkòkò. Malsun ni wọ́n fi ọbẹ̀ ọjọ́ náà síkàáwọ́ rẹ̀: ọ̀ọ́dúnrún obìnrin ló kóra jọ sí pápá tó wà lẹ́bàá èbúté, gbogbo wọn ló sì máa jẹun. Igi tí wọ́n fi ń ro ó gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí apá Ayoung fi ń gbọ̀n. Èéfín yí sí i lójú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì fi igi náà sílẹ̀. Malsun ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìbínú tó ti pèsè sílẹ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ ìkòkò, àwọn méjèèjì jókòó sórí àpótí ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ayoung sọ fún un pé àwọn mẹ́ta ló ń kọ eré náà, àmọ́ orúkọ ọ̀gá nìkan ló ń jáde. Òun ti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wo ilé ìdáná gidi kan, wọ́n ní kò sáyè.

Ó ní, "Mà, ẹ ní ẹni tó kọ ọ́ ò fọ abọ́ rí. Èmi ni mò ń fọ ife gbogbo wọn láràárọ̀ kí n tó jókòó kọ̀wé. Ibi tí mo ti ń fọ ife ni mo ti gbọ́ ohùn yín lórí fóònù."

Malsun nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. Ó ní, "Mo bú ọ, mi ò sì mọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń béèrè ẹni tó ṣe nǹkan, mi ò béèrè tìẹ."

Ayoung bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ òun, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òun. Malsun bu ọbẹ̀ tó kù sínú ike fún un kó gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ní ọjọ́ kejì, lórí rédíò, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó ní òun ti búra pé ẹni tó kọ eré náà ò fọ abọ́ rí, irọ́ lòun pa. Ó ní òun ti mọ̀ báyìí pé bí eré bá wà tí èéfín ò sí nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú èéfín ni ẹni tó kọ ọ́ wà. Ó tọrọ àforíjì. Omi ilé ìwẹ̀ dà lókè, ó dúró títí ó fi lọ tán, ó sì tún un tọrọ, kí ẹni tí omi bò ó mọ́ létí lè gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Gihwan yọ ohun etí rẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "O tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ọgbọ̀n ọdún rèé, o ò tọrọ tèmi rí."

Malsun ní, "Ṣebí rédíò yín ò gbé e?"

Gihwan yọ ohun etí kejì. Malsun fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sora, ẹ bá mi lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sọ tiyín. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ yín."

Kóòtù tí Gihwan wọ̀ níbi ìgbéyàwó Sora ló wọ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ náà. Miryeong fi í sórí àga tí wọ́n ti ń fi bá a wí láti ọdún mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ kí gbogbo ìlú bí ẹni tó ń díje fún ipò. Ó wá sọ nípa bàbá rẹ̀, nípa ọkọ̀ òkun, nípa òtútù, nípa fìlà àbúrò bàbá rẹ̀ tí bàbá náà rí láàárín èrò títí èèyàn mìíràn fi dí i lójú. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kì í fi orúkọ yẹn ṣeré. Malsun jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò sọ gbólóhùn kan. Wọ́n ti jọ gbé pẹ́, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ fìlà yẹn rí.

Lẹ́yìn náà Gihwan ní, "Ìyàwó mi kì í ṣe Pupa. Ẹnu rẹ̀ ló gùn. Ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀, kó má wọ takisí mi."

Ìgbà yẹn ni Malsun tó la ẹnu. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yàrá. Ó ní, "Àwọn tó lé bàbá yín kúrò nílé, àwọn náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Ohun tí mo ṣe ń béèrè nìyẹn."

Gihwan ronú sí i. Ó ní òun ò gbà, ṣùgbọ́n òun gbọ́. Ìwé tí àwọn èèyàn kọ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà kún àpótí Miryeong. Àwọn arúgbó tí bàbá tiwọn náà ti àríwá wá ló kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ìyá tó béèrè omi ewéko òkun sì wà lára wọn.

Ní apá kẹrìnlá eré náà, obìnrin àgbà kan tí a kò rí rí jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń wúkọ́. Ó ní, "Èéfín ni, á lọ." Obìnrin kejì ní, "Láti ọdún mẹ́wàá ló ti ń lọ." Kò ju ìṣẹ́jú méjì. Gihwan ló kọ́kọ́ nàka sí i, tó ń pariwo pé kí Malsun wá láti ibi ìdáná kíákíá. Fóònù ò dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, eré náà parí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó parí: ọmọge jogún ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó fẹ́ dókítà, orúkọ ọ̀gá nìkan ló sì jáde. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, Ayoung kọ̀wé pé òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn tó ń fọ ife ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lọ́jọ́ Ìsinmi. Malsun fi ẹja gbígbẹ àpò kan ránṣẹ́ sí wọn, ó ní ìpàdé tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀ kì í pẹ́ tú.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ní ilé ìdáná tiwọn. Ti ilé ẹ̀kọ́ méjì tó wà lápá kejì òkè ṣì wà bó ṣe wà, nítorí náà ẹgbẹ́ ò tíì sinmi. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán àyà Malsun, wọ́n rí àmì kékeré kan. Dókítà ní kì í ṣe ohun tó ń bani lẹ́rù lónìí, àmọ́ kó máa wá lọ́dọọdún. Gihwan ló ń fi takisí gbé e lọ. Kì í gba èrò mìíràn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò dé, àwọn méjèèjì wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Gihwan dìbò fún àwọn tó ti ń dìbò fún látọjọ́ tó ti dàgbà, Malsun dìbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tí kì í wọlé. Ìyàwó ilé kejì pàdé wọn lójú ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, pé bí ìbò àwọn méjèèjì bá ń pa ara wọn rẹ́ báyìí, kí ló dé tí wọn ò jókòó sílé kí ẹsẹ̀ wọn sinmi.

Gihwan ní bí òun bá jókòó, Ìyá Sora ò ní jókòó. Malsun ní ẹ̀rù ló ń bà á ni. Wọ́n wọ ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá afárá, wọ́n pàṣẹ nọ́dù tútù olómi yìnyín abọ́ méjì, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tó máa di olórí ìlú títí yìnyín inú omi ọbẹ̀ náà fi yọ́.